Èèpo Ọ̀pẹ Òyìnbó Kì Í Ṣe Ohun Ìdànù: Bí A Ti Ń Ṣe Ohun Mímu Kíkan Nínú Ilé Láìsí Ewu

Nínú ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ kan jáde tí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní Raji Rasaki Estate gbé ìgò díẹ̀ wá sí ìpàdé. Ohun mímu tí ó fi èèpo ọ̀pẹ òyìnbó ṣe ni ó wà nínú wọn. Gbogbo ẹni tí ó tọ́ ọ wò ní ó dùn, ó sì ń ta díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu bí ẹmu àárọ̀. Kí ìpàdé tó tú, ẹni mẹ́ta ti ń béèrè bóyá ẹgbẹ́ lè yá wọn lówó láti máa ṣe é tà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ọ̀kan nínú àwọn ìgò tí ó kù nílé bẹ́ gbàmù lórí tábìlì ilé ìdáná. Àfọ́kù rẹ̀ fò dé ibi tí ọmọ ilé náà máa ń jókòó sí jẹun. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà, ó ti lọ sí ilé ìwé. Láti ọjọ́ yẹn ni ohùn ti pín sí méjì láàárín wa. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ ka ohun mímu náà léèwọ̀ pátápátá. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, pé ìgò ni kò dára.

Àwa tí a ń bójú tó ìwé ìròyìn yìí wo ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. A rí i pé ìgò kò jẹ̀bi, ohun mímu náà kò sì jẹ̀bi. Àìmọ̀ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò ni ó fa gbogbo rẹ̀. Nítorí náà a pinnu láti ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí olúkúlùkù lè mọ ohun tí ó ń ṣe.

KÌ Í ṢE OHUN ÀJÈJÌ SÍ WA

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ni èyí. Àwọn ìyá wa ti ń jẹ́ kí ògì kan kí wọ́n tó rò ó. Wọ́n ti ń fi àgbàdo ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀, wọ́n sì ti ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n ṣe agàdàgídí. Ẹ wo ẹmu pàápàá. Èyí tí adẹ́mu gbé sọ̀ kalẹ̀ ní òwúrọ̀ dùn bí omi ṣúgà. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti le. Bí ó bá di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta, ó ti ń kan. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìdé e pa, ọtí kíkan ni yóò dà, irú èyí tí a máa ń rà nínú ìgò lọ́jà tí à ń pè ní fínígà.

Ohun kan náà gan-an ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí èèpo ọ̀pẹ òyìnbó nínú omi ṣúgà. Ẹni tí ó bá mọ ìwà ẹmu ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí.

Ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ohun mímu tí wọ́n fi èèpo ọ̀pẹ òyìnbó ṣe báyìí wọ́pọ̀ lójú pópó. Tepache ni wọ́n ń pè é. Láti inú èdè Nahuatl, èdè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ni orúkọ náà ti wá, láti ìgbà tí ó jẹ́ àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ ò rí i pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ tiwa àti tepache tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá!

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ÌGÒ

Lára èèpo gbogbo èso tí ó pọ́n ni àwọn ohun alààyè kéékèèké kan wà tí ojú wa kò lè rí. Ọ̀kan nínú wọn ni ìwúkàrà, ìbátan èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá jẹ ṣúgà, ohun méjì ni ó máa ń fi sílẹ̀: agbára ọtí àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń hó pùtùpùtù lójú omi, òun ni ó ń ta wá lẹ́nu, òun kan náà ni ó sì bẹ́ ìgò ìyá wa.

Lẹ́yìn ìwúkàrà ni irú kejì máa ń dé. Àwọn yìí kì í ṣiṣẹ́ bí wọn kò bá rí atẹ́gùn. Agbára ọtí tí ìwúkàrà fi sílẹ̀ ni wọ́n ń sọ di ìkan. Ìdí nìyí tí ẹmu tí a fi aṣọ bò fi ń di ọtí kíkan, tí èyí tí a dé pa kò sì tètè kan bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis Pasteur, ni ó la ọ̀rọ̀ yìí yé aráyé. Ní ọdún 1857 ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìwé jáde láti fi hàn pé ohun alààyè ni ó ń mú nǹkan kan, pé kì í ṣe pé nǹkan náà kàn ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1864 ó kọ̀wé lórí bí wáìnì ti ń di ọtí kíkan. Ní ọdún 1867 ó lọ bá àwọn tí ń ṣe ọtí kíkan ní ìlú Orléans, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ wọn fún wọn.

Bí a bá ti mọ èyí, gbogbo òfin tí ó kù yóò yé wa. A ń fẹ́ kí ìwúkàrà ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ó má pọ̀ jù. Kí a sì dá a dúró nígbà tí adùn àti ìkan bá bára dọ́gba.

Ọ̀PẸ ÒYÌNBÓ TÍ Ó DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Orúkọ èso yìí fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí pé àlejò ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Columbus àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pàdé rẹ̀ ní erékùṣù Guadeloupe ní ọdún 1493, àwọn atukọ̀ ojú òkun sì gbé e káàkiri ayé. Lónìí ó ti di ọmọ ilẹ̀ wa. Àwa tí a wà ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin àti Festac ní oríire kan: ọ̀nà Badagry kò jìnnà sí wa, ilẹ̀ Benin sì wà ní ìparí rẹ̀. Ní agbègbè Àlàdá níbẹ̀, wọ́n ń gbin irú kan tí wọ́n fi ìṣù ṣúgà sọ lórúkọ ní èdè Faransé nítorí adùn rẹ̀. Ní ọdún 2021, àjọ OAPI fún un ní ìwé àṣẹ, pé èyí tí ó bá ti òkè Àlàdá wá nìkan ni ó lè máa jẹ́ orúkọ náà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé èso yìí lè pọ́n dáadáa kí èèpo rẹ̀ sì tún jẹ́ àwọ̀ ewé. Nítorí náà ẹ má fi àwọ̀ nìkan yan ọ̀pẹ òyìnbó. Ẹ gbóòórùn ìdí rẹ̀. Bí ó bá ń ta sánsán, ó ti pọ́n. Bí ó bá ń rùn bí ọtí, ó ti pọ́n jù.

OHUN TÍ A Ó LÒ

Ọ̀pẹ òyìnbó kan tí ó pọ́n. Omi lítà 2. Ṣúgà agolo mílíìkì kan àti ààbọ̀, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 200. Atalẹ̀ tútù tí ó tó ìka kan. Kànáfùrù hóró 5. Ọtí kíkan ṣíbí ìjẹun ńlá 4.

Ohun èlò tí a ó fi ṣe é ni ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀ tí ó gba lítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tàbí ike tí a ṣe fún oúnjẹ. Ẹ má lo ìkòkò álúmíníọ̀mù tàbí ohun èlò bàbà, nítorí ìkan a máa jẹ irin, ohun tí ó bá sì jẹ lára irin yóò wọnú ohun tí a ó mu. Ẹ má sì lo ike ọ̀dà tàbí kẹ́ẹ̀gì tí kẹ́míkà ti wà nínú rẹ̀ rí, bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

BÍ A TI Ń ṢE É

Èkínní, ẹ fi omi tí ń ṣàn àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ̀pẹ òyìnbó náà lódindi kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹ gé orí àti ìdí rẹ̀ dànù, kí ẹ wá bẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí èèpo náà nípọn díẹ̀, kí ẹran èso wà lára rẹ̀. Inú rẹ̀ ni kí ẹ jẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Èèpo àti kókó líle àárín rẹ̀ ni a ó lò. Ibi tí ó bá ti rà tàbí tí ó bá ti bu, ẹ gé e sọ nù. Ẹ má ra èèpo tí ẹlòmíràn ti bẹ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tí eṣinṣin ti bà lé.

Èkejì, ẹ sé omi náà títí yóò fi hó dáadáa, kí ẹ da ṣúgà sí i, kí ẹ rò ó títí yóò fi yọ́. Ẹ wá gbé e sílẹ̀ kí ó tutù títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ọwọ́ lè dúró nínú rẹ̀. Ẹ má kánjú níbí yìí. Bí ẹ bá da omi gbígbóná lé èèpo lórí, ẹ ti pa ìwúkàrà tí ó wà lára rẹ̀, ohun mímu náà kò sì ní hó mọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ kó èèpo, kókó, atalẹ̀ tí ẹ ti fọ́ àti kànáfùrù sínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀. Ẹ da omi ṣúgà lé e, kí ẹ fi ọtí kíkan náà sí i. Iṣẹ́ ọtí kíkan níhìn-ín ni láti jẹ́ kí omi náà kan díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ kòkòrò búburú kò fẹ́ràn ìkan, ṣùgbọ́n ìwúkàrà lè fara dà á. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tó ìka mẹ́rin ṣẹ́ kù lókè.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi àwo kékeré tí ó mọ́ tẹ èèpo náà rì sábẹ́ omi, nítorí èyí tí ó bá léfòó ni ó máa ń bu. Ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ìgò, kí ẹ so ó, kí eṣinṣin má lè wọlé. Ẹ má dé e pa. Ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn kò dé.

Ẹ̀karùn-ún, ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ẹ fi ṣíbí tí ó mọ́ rò ó. Nínú ooru Èkó, kí ọjọ́ kan tó pé ẹ ó rí ìfofó funfun lójú rẹ̀. Bí ó bá di nǹkan bí wákàtí 36, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí tọ́ ọ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà ọjọ́ méjì ti tó. Nígbà ọyẹ́, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, bí ó bá ti dùn tí ó sì ń kan díẹ̀, ẹ fi asẹ́ àti aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé e sínú fìríìjì, kí ẹ sì mu ún tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀pẹ òyìnbó kan á fún yín ní nǹkan bí ife 9.

Bí ẹ bá rí ohun funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi, ẹ lè fi ṣíbí kó o kúrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá hu irun, tí ó jẹ́ àwọ̀ ewé, dúdú tàbí pupa, ó ti bu nìyẹn. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ má kó ojú rẹ̀ kúrò kí ẹ mu ìsàlẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ọtí kíkan ni kí ó sẹ́ ẹ, kí ó tún fi aṣọ bò ó, kí ó sì fi í sílẹ̀ ní ibi òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ó dára fún sàláàdì àti fún rírẹ ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í tọ́jú oúnjẹ tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ pẹ́, nítorí a kò mọ bí ìkan rẹ̀ ti tó. Ti inú ìgò tí a kọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sí lára ni kí ẹ lò fún èyí.

Ọ̀NÀ KEJÌ, FÚN ẸNI TÍ KÒ FẸ́ Ọ̀RỌ̀ ỌTÍ

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ohun mímu tí a ṣàlàyé yìí ní agbára ọtí díẹ̀ nínú. Ní ọjọ́ kejì, ó kéré sí ti bíà dáadáa, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ sì wà nínú ìjọ tí kò gba ọtí láyè. Kò tọ́ kí a gbé e fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìsọ fún un. Kí a má fún ọmọdé, aboyún, tàbí ẹni tí ń lo oògùn tí dókítà ti ní kí ó má fi ọtí pọ̀.

Fún irú àwọn wọ̀nyí, ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ gé ẹran ọ̀pẹ òyìnbó wẹ́wẹ́ kí ó kún ife méjì. Ẹ da ṣúgà ife kan lé e, kí ẹ bò ó, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì fún wákàtí mẹ́fà. Ṣúgà yóò fa omi èso náà jáde. Ẹ fún un, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ da ọtí kíkan ife kan pọ̀ mọ́ ọn. Ìkan yìí pọ̀ tó láti dá ìwúkàrà dúró. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ bu ṣíbí ńlá méjì sínú ife omi tútù kan. Nínú fìríìjì, a lè lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lórí ọtí kíkan fúnra rẹ̀ lè béèrè lọ́wọ́ àáfà tàbí olùṣọ́ àgùntàn rẹ̀.

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kí ó rántí pé ṣúgà ṣì wà nínú méjèèjì. Ẹni tí inú ń ta kí ó rántí pé ìkan wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì sọ fún yín pé ohun mímu yìí ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìbà, ẹ má dá a lóhùn. Ohun mímu ni, kì í ṣe oògùn.

Ọ̀RỌ̀ ÌGÒ ÀTI INÁ MÀNÀMÁNÁ

Fìríìjì kì í pa ìwúkàrà. Ó kàn ń mú un sùn ni. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ kan, bí ó ti máa ń ṣe ní àdúgbò wa, fìríìjì di kọ́bọ́ọ̀dù, ìwúkàrà jí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ń kún inú ìgò, kò rí ibi gbà jáde. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá wa nìyẹn: iná ti lọ, ó gbé àwọn ìgò jáde sórí tábìlì, ó sì ti dé wọn pinpin.

Nítorí náà, ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò onígíláàsì tí a dé pa. Ìgò ike tí a fi ń ta ohun mímu ẹlẹ́ríndòdò ni kí ẹ lò lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ má rọ ọ́ kún. Ẹ máa fi ọwọ́ tẹ ìgò náà lójoojúmọ́: bí ó bá ti le bí òkúta, ẹ rọra tú ọmọrí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bí iná bá sì pẹ́ kó tó dé, ẹ tú ọmọrí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ OMI

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì gba ẹ̀mí. Ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún ará ìlú nípa ohun mímu tí a ń ṣe lójú pópó láìsí àyẹ̀wò, pàápàá èyí tí a fi òfíò ṣe. Ẹ jẹ́ kí èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa. Ìkan kì í sọ omi búburú di omi rere. Omi kànga, omi bọ́họ̀ tàbí omi tanki, ẹ sé gbogbo rẹ̀ kí ó hó. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì fi omi gbígbóná fọ gbogbo ohun èlò.

Ẹ má sì fi ohunkóhun láti inú ìgò tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ kún un kí ó lè le. Ní ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú nítorí ọtí tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀.

ṢÉ A LÈ TÀ Á?

Ìbéèrè àwọn ẹni mẹ́ta wa nìyí, ó sì yẹ kí a dá wọn lóhùn. Láti òfin 15 ti ọdún 1993 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ohun mímu tí a ń ṣe tà sí abẹ́ àjọ NAFDAC. Ohun mímu tí a bá rọ sínú ìgò láti tà gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà lọ́dọ̀ wọn. Ilé tí a ti ń ṣe é ni wọn yóò wá wò, wọn yóò sì yẹ ohun mímu náà wò. Èyí tí ó ń hó nínú ìgò yìí ṣòro láti tà, nítorí kì í dúró sójú kan: ohun tí ẹ rọ ní ọjọ́ Ajé kọ́ ni oníbàárà yóò mu ní ọjọ́ Ẹtì.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó kọ́kọ́ ṣe é nílé fún oṣù mẹ́ta. Kí ó ra ìwé kan, kí ó máa kọ ọjọ́ tí ó ṣe é, iye tí ó ra èso, ṣúgà, gáàsì àti ìgò, wákàtí tí ó fi kan, àti iye ìgò tí ó bàjẹ́. Kí ó pín gbogbo owó náà sí iye ife tí ó rí. Nígbà náà ni yóò mọ̀ bóyá èrè wà níbẹ̀, ìgbìmọ̀ yíyá owó náà yóò sì ní ohun tí wọn yóò wò. Kí ẹnikẹ́ni má sì lẹ orúkọ ẹgbẹ́ mọ́ ìgò tí kò ní nọ́ńbà. Bí ìgò kan bá ṣe oníbàárà léṣe, gbogbo wa ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.

Fún mímu nínú ilé, kò sí ohun tí ó dí yín lọ́wọ́. Èèpo tí à ń dà sínú gọ́tà tẹ́lẹ̀, tí ó ń rà tí ó sì ń kó eṣinṣin jọ, ti di ife 9 fún àwọn ará ilé. Ìyá wa tí ìgò rẹ̀ bẹ́ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ike ni ó ń lò báyìí, ó sì ń tú ọmọrí rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Ó ti gbà láti ṣe é lójú gbogbo wa ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ kí ó mú ife tirẹ̀ dání.